Ìyá Fáìlì Jókòó Síta

Ọdún mọ́kànlá ni èmi àti Ìyá Fáìlì fi jọ ń fa eruku kan náà símú nínú yàrá àkọsílẹ̀ ilé ìwòsàn wa. Yàrá ọ̀hún wà ní ìsàlẹ̀ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó fara ti ilé ìfọṣọ, nítorí náà kò sí ìgbà tí ooru kò mú níbẹ̀. Fèrèsé kan ló ní tí a fi ń dá àwọn aláìsàn lóhùn. Bẹ́ǹṣì gígùn kan wà lóde níwájú fèrèsé náà, inú yàrá sì kún fún àtẹ fáìlì láti ilẹ̀ títí kan àjà. Fáìlì tó wà lórí àwọn àtẹ yẹn lé ní ẹgbàá mẹ́sàn-án, Ìyá Fáìlì nìkan ló sì mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà.

Ẹ má ṣe rò pé mò ń bù mọ́ ọn. Bí obìnrin kan bá gbé ọmọ wá, Ìyá Fáìlì kò ní bi í ní nọ́ńbà. Á wò ó lójú, á ní, "Ṣé kì í ṣe ìwọ ni àbúrò obìnrin tó ń kọ́ kíláàsì kìíní yẹn?" Kí onítọ̀hún tó dáhùn, ọwọ́ rẹ̀ ti wà lórí àtẹ. Ìdílé ìdílé ló to fáìlì sí. Fáìlì ọkọ, ti ìyàwó, ti àwọn ọmọ, ti ìyá ọkọ, gbogbo rẹ̀ ló fi àjákù aṣọ dì pọ̀ sójú kan. Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀, àjákù aṣọ kò sì lè wọ́n wọn nílé. Bí tọkọtaya kan bá wá kọ ara wọn sílẹ̀, á tú ìdì náà, á yọ fáìlì obìnrin kúrò, á dá a padà sáàárín àwọn òbí rẹ̀. Àwa la sábà máa ń kọ́kọ́ gbọ́ nípa ilé tó bá tú.

Èmi ní tèmi, Ó-ń-bọ̀ ni wọ́n ń pè mí. Bí Ìyá Fáìlì bá lọ jẹun tí aláìsàn kan bá yọjú sí fèrèsé, ohun tí mo máa ń sọ fún un ni pé, "Fáìlì yín ń bọ̀." Irọ́ kọ́ ni mo ń pa. Ó ń bọ̀ lóòótọ́, bí Ìyá Fáìlì bá ti jẹun tán.

Báyìí ni à ń bá a lọ títí tí wọ́n fi gbé ọ̀gá àgbà tuntun wá. Ọkùnrin náà kò tíì lo oṣù kan tó fi sọ pé ẹni tí kò bá ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì kò lè ṣe olórí yàrá àkọsílẹ̀ mọ́. Ó fún Ìyá Fáìlì ní ọdún márùn-ún. Bí ọdún márùn-ún bá pé tí kò bá rí ìwé ẹ̀rí mú wá, ilé ìfọṣọ ni yóò lọ, kó máa ka aṣọ bẹ́ẹ̀dì. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́ta ni Ìyá Fáìlì nígbà náà.

Èmi rò pé mo ń fún un ní ìmọ̀ràn rere ni. Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbé yín lọ sí ilé ìfọṣọ jàre. Aṣọ bẹ́ẹ̀dì kì í jà, kì í béèrè ẹnikẹ́ni. Ara á tù yín."

Ó wò mí látòkè délẹ̀. "Àbúrò, ta ló máa wá bá wọn wá fáìlì? Ìwọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mí wọra. Ohun tó jẹ́ kó dùn mí tó bẹ́ẹ̀ ni pé òótọ́ ni.

Ó gba fọ́ọ̀mù ìwọlé yunifásítì, ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, wọ́n sì gbà á. Ọjọ́ Ẹtì àti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ máa ń kàwé. Orúkọ ohun tó lọ kọ́ gùn púpọ̀: Ìṣàkóso Àwọn Ohun Èlò Ìwífún. Mo ní kó túmọ̀ rẹ̀ fún mi. Ó ronú díẹ̀, ó ní bí èèyàn ṣe lè tọ́jú ohun tó mọ̀, kí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lè rí i lò ni. Mo ní ṣé nǹkan tí wọ́n ń fi ọdún márùn-ún kọ́ nìyẹn. Ó ní kí n gbájú mọ́ iṣẹ́ mi. Kí ló kúkú ń jẹ́ iṣẹ́ mi?

Ọjọ́ tó kọ́kọ́ wọ kíláàsì, ọmọbìnrin kan tó jókòó nítòsí ẹnu ọ̀nà bi í tìfẹ́tìfẹ́ pé ọmọ wọn wo ni wọ́n wá rí. Ó ní òun fúnra òun ni òun wá rí. Láti ọjọ́ yẹn ni gbogbo wọn ti ń pè é ní Mọ̀mí Kíláàsì, wọ́n á máa bá a gbé báàgì, òun náà á máa bá wọn wí bí wọ́n bá pẹ́ dé. Kọ̀ǹpútà ló kọ́kọ́ dójú tì í. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́, bí ẹni tó ń tẹ èso wò bóyá ó ti pọ́n, bí ó bá sì tẹ lẹ́tà kan tán, á gbójú sókè wò ó bóyá ó dé ibi tó rán an.

Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kọ́ ni ìjọ̀ngbọ̀n rẹ̀. Olùkọ́ kan wà, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí kì í pariwo, tí aago kò sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ rí. Ìṣẹ́jú ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é lẹ́yìn. Ìṣẹ́jú kó ogójì ìwé fún olúkúlùkù wọn pé kí wọ́n tò ó bí wọ́n ṣe ń tò ó ní ilé ìkàwé. Ìyá Fáìlì gbé ìwé nípa bí wọ́n ṣe ń se oúnjẹ ti ìwé nípa àìsàn àtọ̀gbẹ. Ó gbé ìwé òfin ìgbéyàwó ti ìwé nípa ilé yíyá. Ó ní ẹni tó bá ń ka èyí, kò ní pẹ́ tí yóò fi nílò ìkejì. Máàkì mẹ́ta nínú ogún ni Ìṣẹ́jú fún un.

Ẹ wo bí Ìyá Fáìlì ṣe ń fapá jánú nígbà tó dé ibi iṣẹ́ ní ọjọ́ Ajé. "Ọmọ yẹn ò mọ nǹkan kan! Ó fẹ́ kí n máa fi nọ́ńbà to èèyàn bíi ìgò!"

Mo ní, "Ẹ̀gbọ́n, ìwé lẹ ń tò, ẹ ò to èèyàn."

Ó kẹ́yìn sí mi, ó ń fi àjákù aṣọ di fáìlì títí di ìrọ̀lẹ́.

Síbẹ̀, ó ń kàwé. Ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù ọkọ rẹ̀. Télọ̀ á máa fi ẹsẹ̀ wa máṣíìnì, á sì máa bi í ní ìbéèrè láti inú ìwé tó ṣí sí ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́. Nígbà tó yá, Télọ̀ fúnra rẹ̀ di ọ̀mọ̀wé. Ó ń ṣàlàyé fún oníbàárà kan bí wọ́n ṣe ń pín ìmọ̀ sí ọ̀nà mẹ́wàá, ó sì rán àpò ṣòkòtò ọkùnrin náà méjèèjì mọ́ ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọdún kẹta ni ọ̀rọ̀ yí padà. Nínú kíláàsì, Ìyá Fáìlì ti ń fọ́nnu pé kò sí fáìlì tí òun kò lè rí láàárín ìṣẹ́jú kan. Ìṣẹ́jú gbọ́ ọ tán, ó ní, "Mà, mo gbà bẹ́ẹ̀. Tí ara yín ò bá yá lọ́la ńkọ́?"

Ó ní, "Èmi kì í ṣàìsàn."

"Ṣé ẹ ò ní fáìlì tiyín nínú yàrá yẹn ni?"

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ìyá Fáìlì kò rẹ́rìn-ín. Ó ní fáìlì níbẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà nínú rẹ̀, ó sì nípọn ju ti ọ̀pọ̀ èèyàn lọ.

Kò tó oṣù méjì lẹ́yìn náà tí ẹ̀jẹ̀ ríru ọ̀hún dá a dùbúlẹ̀. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló lò lórí bẹ́ẹ̀dì ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, lórí wa gan-an níbẹ̀, èmi nìkan sì wà nísàlẹ̀ pẹ̀lú ẹgbàá mẹ́sàn-án fáìlì tí wọ́n fi àjákù aṣọ dì. Ẹ ò ní fẹ́ mọ ohun tí ojú mi rí. Èèyàn tò láti bẹ́ǹṣì dé ẹnu géètì. Àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí kọ nǹkan sórí ìwé pélébé. Ní ọjọ́ kẹfà, wọ́n gbé aboyún kan wá tí kò lè sọ̀rọ̀ dáadáa. Mo wá fáìlì rẹ̀ títí, mi ò rí i. Dókítà kò mọ̀ pé oògùn kan wà tó lòdì sí ara rẹ̀, ó sì fún un ní oògùn náà. Ojú obìnrin náà wú, ọ̀fun rẹ̀ ń dí. Ọpẹ́ ni pé nọ́ọ̀sì kan tètè rí i. Òun àti ọmọ inú rẹ̀ yè é.

Nígbà tí Ìyá Fáìlì padà dé, mo sọ fún un, mo sì dárúkọ aboyún náà. Kò bi mí ní nọ́ńbà rẹ̀. Ó kọjú sí àtẹ tó wà lápá òsì, ó fa ìdì kan tí wọ́n fi àjákù aṣọ aláwọ̀ ewé dì, ó yọ fáìlì kẹta, ó ṣí i. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà síbẹ̀ pé kí wọ́n má ṣe fún un ní oògùn yẹn. Ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún kíkankíkan. Èmi náà dúró tì í, ojú ń tì mí, mi ò mọ ibi tí mo lè fi ọwọ́ sí.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ló lọ bá Ìṣẹ́jú pé òun ti rí ohun tí òun máa fi ṣe iṣẹ́ àṣekágbá òun. Òun máa tún yàrá wa tò kí ẹnikẹ́ni lè rí fáìlì níbẹ̀ láìsí òun.

Ọdún kan àtààbọ̀ la fi ṣe é. Ó ń tú àjákù aṣọ, ó ń pín ìdílé níyà, ìyá síhìn-ín, ọmọ sọ́hùn-ún, gẹ́gẹ́ bí nọ́ńbà méjì tó gbẹ̀yìn lára fáìlì. Ó fi òǹtẹ̀ aláwọ̀ oríṣiríṣi sí ẹ̀gbẹ́ wọn, tó fi jẹ́ pé bí fáìlì aláwọ̀ pupa bá ṣìnà wọ àárín aláwọ̀ ewé, ojú á rí i láti òkèèrè. Nígbà míì á di ìdì kan mú, á ní, "Àwọn wọ̀nyí ò jọ gbé ibì kankan rí àfi ibí," á sì tú u. Ó ní kí gbogbo ibi tí dókítà ti ń rí aláìsàn máa kọ nọ́ńbà àwọn tí wọ́n rí lójoojúmọ́, kí wọ́n fi ìwé náà ránṣẹ́ sí wa nírọ̀lẹ́. Ó tún gé páálí pupa, ó pè é ní adelé. Bí fáìlì kan bá fẹ́ jáde, a ó kọ orúkọ ẹni tó mú un àti ibi tó ń lọ sára adelé, a ó sì fi adelé jókòó sí ipò rẹ̀ títí tí yóò fi dé.

Adelé yìí ló rẹ̀ mí jù. Kí èèyàn tó kọ ọ́ tán, tíì á ti tutù.

Ìdánwò rẹ̀ bọ́ sí ọjọ́bọ̀ kan, nígbà tí ó ku oṣù méjì kí ọdún márùn-ún ọ̀gá àgbà pé. Ìṣẹ́jú wá fúnra rẹ̀, pẹ̀lú aago. Òfin rẹ̀ kò ṣòro láti lóye: òun máa ka nọ́ńbà fáìlì mẹ́wàá, Ìyá Fáìlì máa jókòó síta lórí bẹ́ǹṣì, kò sì gbọ́dọ̀ sọ ọ̀rọ̀ kan. Ẹlòmíràn ló máa wá fáìlì. Èyí tó bá jáde láàárín ìṣẹ́jú mẹ́ta ní máàkì kíkún. Èyí tó bá pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, máàkì rẹ̀ á dín. Ṣùgbọ́n bí ìṣẹ́jú márùn-ún bá pé tí ẹyọ kan kò jáde, fáìlì ti sọnù nìyẹn, iṣẹ́ àṣekágbá sì ti bàjẹ́. Yóò tún ọdún náà kà. Kò sì sí ọdún mìíràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ilé ìfọṣọ ń dúró dè é.

Ẹlòmíràn wo ló sì tún wà nínú yàrá yẹn? Èmi náà ni.

Mo gbìyànjú. Mo fẹ́ kí ẹ gbà mí gbọ́ níbẹ̀. Fáìlì àkọ́kọ́ gbà mí ní ìṣẹ́jú kan, ìkejì kò tó bẹ́ẹ̀. Méjì kò sí nípò wọn ṣùgbọ́n adelé sọ ibi tí wọ́n wà, mo sáré lọ mú wọn. Nígbà tí mo gbé ìkẹsàn-án lé tábìlì, inú mi ti ń dùn. Mo tiẹ̀ ń ronú pé mo gbọ́n.

Ìṣẹ́jú ka ìkẹwàá. "Méje, méje, mẹ́fà, mẹ́ta."

Mo dé ibi mẹ́tàlélọ́gọ́ta. Mo rí méje-mẹ́fà níwájú, mo rí méje-mẹ́jọ lẹ́yìn. Àlàfo ló wà láàárín wọn. Kò sí fáìlì, kò sí adelé.

Mo mọ ẹni tó ṣe é lójú ẹsẹ̀. Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, nǹkan bí agogo mọ́kànlá, ebi ń pa mí, mo ti ra búrẹ́dì sílẹ̀, àwọn èèyàn bíi mẹ́ta sì wá gba fáìlì lẹ́ẹ̀kan náà. Mo nà án fún wọn, mo ní màá kọ adelé bí mo bá jẹun tán. Mo jẹun tán o. Mi ò kọ ọ́. Mi ò sì rántí ẹni tí mo fún.

Mo wo ojú fèrèsé. Ìyá Fáìlì wà lórí bẹ́ǹṣì láàárín àwọn aláìsàn, ó ń wò mí. Kì í ṣe lásán ni mo fi ọdún mọ́kànlá wo ojú yẹn. Mo rí i pé ó mọ ibi tí fáìlì wà. Mo fi ojú bẹ̀ ẹ́. Kó ṣáà fi àgbọ̀n júwe òkè tàbí ìsàlẹ̀ fún mi, ó ti tó. Ńṣe ló ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan rẹ̀, ó jókòó lé wọn lórí, ó sì yíjú sí ògiri.

Inú bí mi sí i. Mo fẹ́ bú u. Lẹ́yìn náà mo yíjú sí Ìṣẹ́jú. Mo ní, "Èmi ni mo gbé e jáde láìkọ adelé. Ẹ̀gbọ́n ti kìlọ̀ fún mi, èmi ni mi ò gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi jẹ wọ́n níyà."

Kò gbójú sókè. "Ìṣẹ́jú méjì ti lọ."

Ìgbà yẹn ni orí mi wálé. Ìwé ojoojúmọ́! Mo fa ti ọjọ́ Ìṣẹ́gun jáde. Ibi ìtọ́jú eyín, kò sí. Ibi ìtọ́jú ọmọdé, kò sí. Ibi ìtọ́jú ojú: méje, méje, mẹ́fà, mẹ́ta, ó wà ní ìlà kẹrin. Mo gun pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ní ìpele méjì méjì. Nọ́ọ̀sì ibẹ̀ gbé ife omi rẹ̀ lé fáìlì ọ̀hún lórí. Mo gbé ife kúrò láìtọrọ àyè, omi dà sí tábìlì, nọ́ọ̀sì ń pariwo lé mi lórí bí mo ṣe ń sáré sọ̀kalẹ̀.

Ìṣẹ́jú tẹ aago. Ìṣẹ́jú mẹ́rin àti ogún ìṣẹ́jú-àáyá.

Ó pe Ìyá Fáìlì wọlé. "Mà, ṣé ẹ mọ ibi tí fáìlì yìí wà?"

"Mo mọ̀ ọ́n. Mo rí nọ́ọ̀sì yẹn bó ṣe ń gbé e kọjá."

"Ẹ sì dákẹ́."

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n jókòó síta."

Ìṣẹ́jú kọ nǹkan sínú ìwé rẹ̀ pẹ́ díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó kúnlẹ̀ kí Ìyá Fáìlì, ó ní, "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ẹ ti yege." Ó kó àwọn ìwé rẹ̀, ó lọ.

Ìgbà tó ku àwa méjì ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí èémí mí. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹ fẹ́ pa mí ni?"

"Àbúrò, bí mo bá la ẹnu, ọdún márùn-ún mi ti wọmi nìyẹn. Ṣé o rò pé kò ṣe mí bíi kí n pariwo?" Ó fi ọwọ́ rẹ̀ hàn mí. Ojú ìlà igi bẹ́ǹṣì ṣì hàn lẹ́yìn ọwọ́ méjèèjì. Ó rẹ́rìn-ín, mo rẹ́rìn-ín, mo sì tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn.

Ó gba ìwé ẹ̀rí rẹ̀. Ọ̀gá àgbà mú ọ̀rọ̀ rẹ̀ ṣẹ, ó fi í ṣe olórí, ṣùgbọ́n ọ̀gá náà wo yàrá wa, ó rí i pé mo lè dá a ṣe. Ilé ìwòsàn méjì mìíràn wà lábẹ́ rẹ̀ tó jẹ́ pé ilẹ̀ ni fáìlì wọn wà, eku ń jẹ ẹ́. Ó ní kí Ìyá Fáìlì lọ ṣe olórí níbẹ̀, kó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù tó ń bọ̀.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tó gbẹ̀yìn, ó jókòó sí ìdí tábìlì rẹ̀, ó ń kó àwọn kálàmù rẹ̀ sínú báàgì. Ìyá àgbà kan dé ojú fèrèsé, ẹni tó jẹ́ pé fún ogún ọdún, kì í gbà kí ẹlòmíràn dá òun lóhùn. Bí Ìyá Fáìlì ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀ ló ti nàró díẹ̀ lórí àga, tí orúkọ ọmọ obìnrin náà ti wà lẹ́nu rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá àgbà ti na káàdì sí mi. Mo wo nọ́ńbà, mo lọ, mo bọ̀, mo kọ adelé. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi," ó sì gba ọ̀nà ọ̀dọ̀ dókítà lọ.

Ìyá Fáìlì rọra padà jókòó.

"Kò tiẹ̀ béèrè mi," ó wí.

"Ṣé kì í ṣe ohun tí ẹ lọ kọ́ nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n?"

Ó ní òun ni. Ó mi orí, ó sì tún ní òun ni, ṣùgbọ́n omi ti dé ojú rẹ̀. Mo fẹ́ sọ fún un pé èmi á máa béèrè rẹ̀, ní ojoojúmọ́ ayé mi. Ẹnu mi kò gbà á. Mo bá a gbé báàgì dé ẹnu ọ̀nà, mo dúró wò ó títí ó fi yà, lẹ́yìn náà mo padà síbi fèrèsé, torí pé èèyàn mẹ́ta ti tò síbẹ̀.